Ibi Tí À Ń Pè Ní Ìbora Apolena

Lórí àwòrán abúlé wa tí a yà ní ilé ẹ̀kọ́, ibì kan wà lókè pátápátá, lẹ́yìn oko àwọn Kubelka, tí ó ní orúkọ ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan lórí. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí àgbélébùú ẹ̀bá ọ̀nà. Ilẹ̀ pupa lásán ni. Ó gùn bí ibùsùn, ó fẹ̀ bí ibùsùn, koríko kò sì tíì hù sí i. Ìbora Apolena ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Nígbà tí olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Hořejš, tí kì í ṣe ọmọ abúlé yìí, béèrè ìdí tí ó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Èmi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohùn mi kì í jáde nínú kíláàsì. Mo wá kọ ọ́ síbí.

Chladná Lhota ni orúkọ abúlé wa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló là á já, láti etí igbó lókè títí dé etí adágún nísàlẹ̀, ilé sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ bí eyín arúgbó: òmíràn dúró, òmíràn ti yọ. Olùkọ́ sọ fún wa pé Lhota túmọ̀ sí àkókò àánú. Nígbà láéláé, igbó ni gbogbo ibí. Olówó ilẹ̀ kan kó àwọn ènìyàn wá, ó ní kí wọ́n gé igi, kí wọ́n kọ́lé, òun kò ní gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn fún ọdún díẹ̀. Wọ́n gé igi náà. Nígbà tí ojú ilẹ̀ là, òkúta ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọdún àánú ti parí kí wọ́n tó ṣa òkúta dé ìdajì oko, àwa ọmọ ọmọ wọn sì ń ṣa á títí di òní. Ní gbogbo ìgbà tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ a tún bí òmíràn, àfi bí ẹni pé ó lóyún wọn lábẹ́ yìnyín.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé ló ni òkè. Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ni oko wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ gbọọrọ títí dé igbó. Àwọn tó dé lẹ́yìn gba etí adágún, níbi tí kùrukùru àti ikọ́ wà. Ilé àdúrà kékeré tó ní agogo wà láàárín, ilé tiwa sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìsàlẹ̀ fi sàn ju òkè lọ ni atẹ́gùn. Ẹ̀yìn igbó ni atẹ́gùn ti ń bọ̀, ó ń gba orí oko kọjá láìsí ohun tó dá a dúró, ẹ̀yìn ilé àwọn ará òkè ló sì ń forí sọ. Ilé wọn ní ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra wọn, ọ̀kan sí ojú ọ̀nà, èkejì sí oko. Ọmọ òkè a ti mọ̀, kó tó mọ Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run, pé a kì í ṣí méjèèjì pọ̀ nígbà òtútù.

Nínú ọ̀kan nínú ilé wọ̀nyí ni wọ́n bí Apolena Kubelková sí; bẹ́ẹ̀ ni a ń pe Kubelka tó bá jẹ́ obìnrin. Òun nìkan lọmọbìnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń jẹ́ Matouš. Nígbà tí bàbá wọn ń kú lọ, ó pín ogún bí a ti ń pín in lọ́dọ̀ wa. Ilé, oko àti ẹran di ti Matouš, kí ilẹ̀ má baà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ti Apolena ni màlúù kan, pẹ̀lú ìyẹ́ tó lè kún ìbora méjì, ní ọjọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ. Kí ọjọ́ náà tó dé, kó máa jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sì máa bá a ṣiṣẹ́. Bàbá wọn rò pé oore lòun ṣe. Kò rò ó pé ẹni tí yóò yọ màlúù náà sílẹ̀ ni ẹni tí yóò máa jèrè bí ọjọ́ náà kò bá dé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá tọrọ rẹ̀ jẹ́ ahunṣọ láti ìsàlẹ̀. Matouš kò fún un ní àga.

"Ọmọ Kubelka kì í sọ̀ kalẹ̀ kọjá ilé àdúrà," ló wí fún un, "àfi tó bá fẹ́ lọ fọ aṣọ."

Ẹnìkejì jẹ́ ọmọ òkè bíi tiwọn. Ogun mú un lọ, orúkọ rẹ̀ ló sì padà wálé, lára òkúta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú ilé àdúrà. Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó tún kan ilẹ̀kùn. Apolena ń fún wàrà, ó ń da pẹ́pẹ́yẹ, ó ń ṣa òkúta, ó ń gbé ọmọ tí Rozárka ìyàwó Matouš ń bí. Bí ọmọ kan ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni òmíràn ń gorí ẹ̀.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ìyẹ́ yìí dáadáa, nítorí òun ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Lọ́dọ̀ wa, ìbora oníyẹ́ ni ìyàwó fi ń jẹ́ ìyàwó. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n á to ìbora rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àwọn obìnrin á jókòó lé e, wọ́n á máa kọrin, kẹ̀kẹ́ á sì gba àárín abúlé kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí gbogbo ènìyàn lè na ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rọ̀. Ẹni tí kò ní, wọ́n á ní ìhòòhò ni ọkọ rẹ̀ gbé e. Ẹnì kan kò sì lè dá ìyẹ́ bó tán. Nítorí náà, nígbà òtútù, àwọn obìnrin á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á jókòó yí tábìlì ńlá ká, wọ́n á máa fa ìyẹ́ rírọ̀ kúrò lára egungun rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bá mi ṣe kí n bá ọ ṣe ni. A kì í sín níbẹ̀, a kì í rẹ́rìn-ín sókè, a kì í ṣílẹ̀kùn, torí èémí lásán tó láti gbé ìyẹ́ fò.

Kò sí ilé tí Apolena kò bá wọn jókòó rí. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Lábẹ́ ìbora tí òun fọwọ́ bó ni ìdajì àwọn ọmọ abúlé yìí ti dáyé. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í kúrò níbi tó wà. Ọdọọdún ló ń tu ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó ń dà, ọdọọdún ni Rozárka sì ń rí ohun tí yóò fi ṣe: ọmọ tuntun dé, àkọ́bí fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́, ìrọ̀rí àlùfáà ti ya.

"Ṣé ẹ ti rọ́kọ ni, Àǹtí?" Rozárka á wí. "Bí ọkọ bá dé, ìyẹ́ á dé."

Orí Apolena ti ń ṣe funfun létí nígbà tí ọkọ dé. Florián Matějka ni, olùṣọ́ adágún, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri omi nísàlẹ̀ pátápátá. Ikọ́ ti pa ìyàwó rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Ojoojúmọ́ ló ń rí Apolena tó ń da pẹ́pẹ́yẹ wá sómi. Ìyá mi wà níbẹ̀ tó ń ṣan aṣọ lọ́jọ́ tí Florián la ẹnu, ó sì máa ń sín ọ̀rọ̀ náà jẹ nílé wa.

"Apolena, ṣé o mọ ẹja fọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ilé wa tutù."

"Ilé tiwa náà tutù."

"Ó dáa nígbà náà," ni Florián wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn ni gbogbo ìfẹ́ tí wọ́n sọ. Ìyá mi ní Apolena gbàgbé pẹ́pẹ́yẹ méjì sómi lọ́jọ́ náà.

Ìyá Florián, Ìyá Barbora, kò kọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó fẹ́, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn lẹ́yìn ìsìn.

"Ọmọ òkè ni. Àwọn ará òkè sì ti tutọ́ sí wa lára tó. Kó gun kẹ̀kẹ́ wá pẹ̀lú ìbora méjì bí ọmọ tó ní bàbá, kó dé kí àwẹ̀ Lẹ́ǹtì tó wọlé. Bó bá wá lọ́wọ́ òfo, ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ ni yóò sùn."

Gbogbo wa mọ̀ pé ohun tí Ìyá Barbora bá wí ni Florián ń ṣe.

Ní ọdún yẹn, Apolena kò gbé ìyẹ́ kankan sílé Matouš mọ́. Abẹ́ aṣọ ìdáná ló ń kó o sí, ó ń gbé e wá sílé wa díẹ̀díẹ̀, ìyá mi sì ń kó o sínú àpò lórí àjà. Mo kéré nígbà náà, n kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, mo sì máa ń gun àkàbà lọ ti apá bọ inú àpò náà títí dé èjìká. Nígbà tí òtútù dé, ìyẹ́ tó.

"Jókòó síbí ká bó o níbí, Apolena," ni ìyá mi wí. "Èmi, ìwọ, àti àwọn bíi mélòó kan. A ò ní pariwo."

"Rárá o, Ìyá Bětka. Ilé bàbá mi ni kẹ̀kẹ́ mi ó ti jáde. Bó bá ti ilé yín jáde, wọ́n á ní mo sá ni."

"Jẹ́ kí wọ́n wí."

"Wọ́n ti wí tó."

Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin abúlé wa kan tí kò ní ṣìnà síbẹ̀, torí ìyàwó tí kò ti ilé bàbá rẹ̀ jáde, títí ayé ni wọ́n á fi máa bi í pé ta ló lé e.

Ó lọ bá Matouš. Ẹ̀rù bà á pé yóò kọ̀, ṣùgbọ́n Matouš rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ilé bàbá ẹ kọ́ nìyí ni? Kó wọn wá. Rozárka á yan àkàrà buchty fún wọn."

Lọ́jọ́ náà gan-an, ó wà nílé ọtí Šimánek. Bàbá mi wà níbẹ̀.

"Ẹ bá mi rò ó," ni Matouš wí. "Màlúù kan, ìránṣẹ́ kan, lọ́jọ́ kan náà! Ta ni yóò máa fún wàrà? Rozárka? Ọwọ́ Rozárka, bọ́tà ni. Ta ni yóò ṣa òkúta? Ǹ bá kúkú fẹ́ Florián fúnra mi kó rọrùn."

Ilé ọtí pa ẹ̀rín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì rò pé àwàdà ni.

Àwọn obìnrin jókòó sí yàrá ńlá ilé Kubelka, ìborùn wà lórí wọn, ìyẹ́ sì wà níwájú wọn bí òkìtì yìnyín. Èmi wà ní ẹ̀gbẹ́ ìyá mi. Rozárka jókòó sí ìkangun tábìlì gẹ́gẹ́ bí onílé. Ìyá Šimánková, ìyàwó onílé ọtí, jókòó ní ọ̀kánkán Apolena, ó sì hàn pé ó ti múra ẹnu rẹ̀ wá láti ilé.

"Apolena, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ ìbora yìí, àbí ká ránṣẹ́ pe àlùfáà kó wá là á yé ọ?"

Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká wọn ń mì.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìyẹ́ ń lọ," ni ẹnì kan wí, èyí sì tún dá kún ẹ̀rín náà.

"Kò sí ohun tí ẹ ń bẹ̀rù," ni Rozárka wí. "Ojú Florián ti ń ṣókùnkùn. Kí lẹ rò pé ó jẹ́ kó yàn án?"

"Ẹja ló fẹ́ kó máa fọ̀," ni Ìyá Šimánková dáhùn. "Ẹja ò sì mọ ọjọ́ orí."

Ọrùn Apolena pọ́n títí dé etí. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó fa ìyẹ́ kan, ó ju egungun rẹ̀ sílẹ̀, ó mú òmíràn.

"Ẹ bó ìyẹ́, ẹ̀yin ìyá," ló wí. Ohun kan ṣoṣo tó wí nìyẹn, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó ti gba àbùkù tó ju èyí lọ ní tábìlì àwọn ẹlòmíràn láìsí ìdí. Ní ti èyí, ó ní ìdí.

Báyìí ni wọ́n ń wá lójoojúmọ́ títí ìyẹ́ fi kù díẹ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, òkìtì tó wà lórí tábìlì funfun, ó sì rọ̀ débi pé bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ nítòsí rẹ̀, ojú rẹ̀ á yí padà bí omi. Apolena ti rán àpò aṣọ méjì, aláwọ̀ pupa tín-ín-rín lára funfun. Ó fi ọ̀kan lé itan. Òórùn buchty ń jáde láti inú ààrò.

Ọjọ́ ìkẹyìn ní àṣà tirẹ̀. Àwọn géńdé abúlé máa ń mú ológoṣẹ́ kan, wọ́n á fi í sábẹ́ fìlà, wọ́n á yọ́ wọlé, wọ́n á tú u sílẹ̀ sórí ìyẹ́. Ìyẹ́ á fò, àwọn obìnrin á ké, gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, àwọn géńdé náà á sì bá wọn ṣa á padà kí wọ́n tó fún wọn ní buchty. Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Ẹni tó bá bínú, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ kò mọ́, ilé ọkọ rẹ̀ kò ní tòrò. Apolena ti ya àwo kan sọ́tọ̀ fún wọn. Láti àárọ̀ ló ti ń tẹ́tí sí ìró bàtà.

Matouš ló wọlé. Fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọwọ́ kejì sì bo ẹnu fìlà náà. Nǹkan kan ń ta pọ́ún pọ́ún nínú rẹ̀.

Mo rí ojú Apolena. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun wá ṣe àṣà fún òun fúnra rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe fún àbúrò tó ń lọ ilé ọkọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ilẹ̀kùn dé kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀."

"Mo ń bọ̀," ni Matouš wí. Ó fi ilẹ̀kùn ojú ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu bó ṣe wà. Ó gba ẹ̀yìn wa kọjá lọ sídìí ilẹ̀kùn oko, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ọ̀pá ìdábùú rẹ̀. "Ooru mú jù níbí," ló wí. "Ẹyẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́."

Ó ṣí i. Ó wá ṣí fìlà.

Ológoṣẹ́ náà kò ṣe nǹkan kan. Ó gbé ara rẹ̀ lu àjà lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sẹ́yìn ààrò. Atẹ́gùn ló ṣe é. Ó ti ti ẹ̀yìn igbó bọ̀, ó ti gba gbogbo oko Kubelka kọjá, ó wọlé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Tábìlì funfun dìde dúró. N kò rí ìyá mi mọ́. N kò rí ọwọ́ ara mi. Lẹ́yìn náà ojú là, tábìlì di igi lásán, ìyẹ́ sì ń gba ilẹ̀kùn iwájú jáde bí èéfín tó ń gba ihò ààrò, ó ń ya sójú ọ̀nà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìyẹ́ kún irun wọn àti ẹnu wọn. Ìyá Šimánková di ìhà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Matouš, o ò dáa! O ò dáa rárá!" ló ń wí, bí a ṣe ń wí i fún ẹni tó dá wa lára yá.

Yìnyín ojú ọ̀nà ti ń yọ́ lọ́jọ́ náà. Ibi tí ìyẹ́ bá bà sí ló ń lẹ̀ mọ́, lórí ẹrẹ̀, lórí ààtàn, lára ògiri ilé àdúrà. Àwọn ará abúlé jáde síta. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ń sáré, wọ́n na apá sókè, wọ́n ń pariwo pé yìnyín gbígbóná ń rọ̀.

Apolena mú àpò aṣọ náà, ó sáré jáde láìwọ bàtà ìta. Kò sunkún. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa á. Ó ń mú ẹ̀kúnwọ́ tó tutù, ó ń jọ̀ ọ́ sínú àpò, ó ń lọ síwájú.

"Apolena, má bínú o!" ni Matouš ń ké láti ẹnu ọ̀nà. "Àṣà ni!"

Kò sí ẹni tó jáde lọ bá a ṣa á. Ẹni tó bá jáde ti sọ pé kì í ṣe eré nìyẹn. Ìyá mi dìde.

"Ìyá Bětka, ẹ jókòó," ni Rozárka wí. "Buchty á tutù."

Ìyá mi jókòó. Ìyá Šimánková wá yọ orí lójú fèrèsé, buchty kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Apolena! Fi òkúta kún un! Òkúta ò mọ fífò!"

Èyí ni ẹ̀rín tó pọ̀ jù. Wọ́n ṣì ń tún un sọ títí di òní.

Ó ń ṣa á títí ó fi kọjá ilé àdúrà, ó kọjá iwájú ilé wa, ó dé etí adágún. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Barbora ló ti dúró. Ìdajì àpò kan ló rí, ẹrẹ̀ àti pòròpórò wà nínú rẹ̀. Ìyá Barbora ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ ọwọ́ padà, ó nù ún sí aṣọ ìdáná.

"Ṣé adìẹ tó kú sómi lo gbé wá bá mi ni?"

"N ó sá a, Mà. Bó bá gbẹ, á rọ̀ padà."

"Lẹ́ǹtì ń wọlé."

Florián dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Apolena tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Ó di ẹ̀yìn Àjíǹde," ló wí.

Ẹ̀yìn Àjíǹde dé. Kẹ̀kẹ́ kan wọ abúlé wa láti ọ̀nà adágún, opó kan láti abúlé kejì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìbora mẹ́ta. Ilé Florián ni ó yà sí. Ìyá mi na ọwọ́ tẹ ìbora náà wò. Ó ní ó rọ̀.

Apolena padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí yóò lọ. Màlúù náà kò kúrò ní ibùso, òun náà kò sì kúrò nídìí rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ sí Matouš, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó pẹ́ kí Matouš tó mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ là, gbogbo ilé jáde lọ ṣa òkúta. Àwọn yòókù ń jù ú sí ààlà oko bó ṣe bá wọn. Apolena kò ju tirẹ̀. Ó ń gbé e lọ sí ibì kan ṣoṣo lókè, ó ń tò ó, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, èyí tó dán lórí. Ní òpin ìgbà ìṣa náà, gbogbo ènìyàn ti rí ohun tó jẹ́. Ó gùn bí ibùsùn, ó fẹ̀ bí ibùsùn. Ọdún kejì ó ga sí i. Ọdún kẹta, wọ́n ti ń mú àlejò lọ wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ pàdé ara wọn á ní, "Mò ń lọ síbi Ìbora Apolena," wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Mo dá bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún ìyá mi tó ń bá wọn ṣiṣẹ́.

"Àǹtí, ta ló máa fi bora?"

Ó wò mí. Ó fi òkúta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó yí i títí ó fi jókòó dáadáa.

"Bětka," ló wí, "gbọ̀n ọ́n wò."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Kò mì.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí, ó sì lọ wá òmíràn.

Matouš kò bá a wí. Oko rẹ̀ mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ọkà rẹ̀ ń ga. "Ìbínú obìnrin yìí dára fún ilẹ̀," ló ń wí nílé ọtí. "Ǹ bá ti mú un bínú tipẹ́."

Ọdún tó kọjá, nígbà òtútù, ikọ́ dá Apolena dùbúlẹ̀ nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùso. Kò tètè kú. Àwọn ènìyàn wa gbà pé bí ìyẹ́ bá wà lábẹ́ orí ẹni tó ń kú lọ, ó máa ń di ẹ̀mí mú, kò ní jẹ́ kó lọ. Nítorí náà wọ́n máa ń rọra fa ìrọ̀rí yọ. Rozárka ránṣẹ́ pe ìyá mi, èmi sì tẹ̀ lé e.

"Ó ń kú, kò kú tán," ni Rozárka wí. "Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Ẹ bá mi fa ìrọ̀rí ẹ̀."

Ìyá mi ti ọwọ́ bọ abẹ́ orí rẹ̀, ó fà á. Aṣọ náà ti gbó, ó ya. Èèpo ọkà ló dà sílẹ̀, ó dún ṣàà. Kò sí ìyẹ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìyá mi dúró, aṣọ òfìfo náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra o," ni Rozárka wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni."

Apolena wà láàyè títí di ọjọ́ kejì, orí rẹ̀ wà lórí pákó.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ìgbìmọ̀ abúlé pinnu láti da òkúta sójú ọ̀nà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ wàrà má baà máa rì mọ́. Wọ́n ń wá òkúta tí wọ́n ti ṣa jọ. Matouš ta Ìbora Apolena fún wọn. Ó ní òkúta oko òun ni, ènìyàn òun ló sì ṣa á. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn.

Àwọn ọkùnrin kó o sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n jáde láti ẹnu géètì Kubelka. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí òkúta, ó fi aṣọ ìnujú bo orí bí ìyàwó, ó ń kọ orin tí àwọn obìnrin ń kọ lórí ìbora. Àwọn ènìyàn jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Šimánková ṣí fèrèsé ilé ọtí gbayawu.

"Ẹ wá wò ó! Ìyàwó ń kọjá! Ó pẹ́ kó tó dé, àmọ́ ó dé!"

Àwọn kan na ọwọ́ fi tẹ òkúta náà wò bóyá ó rọ̀. Ẹnu ọ̀nà wa ni mo dúró sí pẹ̀lú ìyá mi. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ kọjá, ìyá mi na ọwọ́, bí ènìyàn ti ń ṣe, ó sì fà á padà.

Etí adágún ni ẹrẹ̀ pọ̀ sí jù, níwájú ilé Florián, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ da òkúta náà sí. Mo tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà dé ibẹ̀. Ìyá Barbora ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn, ó gbọ́ ìró náà.

"Florián, kí ni wọ́n ń dà síbẹ̀ yẹn?"

Florián dúró ti ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà ti yí dé ìdí bàtà rẹ̀.

"Òkúta ni, Ìyá."

"Láti ibo?"

"Láti òkè."

"Ó mà dáa o," ni Ìyá Barbora wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi ohun gidi ránṣẹ́ sí wa."